Ayálégbé Tí Ó Wọ Kákí

Nígbà tí wọ́n gba Túnmiṣe Akínlóyè sí iṣẹ́ wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n sì ní Àgbádárìgì ni yóò ti máa ṣe é, ohun mẹ́ta ni ó kó kúrò ní Ẹ̀pẹ́: àpò aṣọ kan, Bíbélì ìyá rẹ̀, àti kákí tuntun tí ó lọ̀ títí tí ó fi le gan-an. Àdùní ìyàwó rẹ̀ àti Ọlọ́ládé ọmọ wọn ṣì wà nílé ẹ̀gbọ́n Túnmiṣe ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn onílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ iye ìgbà tí wọ́n ń bu gàrí.

“Bàbá Ọlọ́ládé, ẹ wá ilé kí a wá bá yín,” ni Àdùní máa ń wí lórí fóònù. “Yàrá kan náà tó. Kó ṣáà jẹ́ tiwa.”

Kákí yẹn ni ó wọ̀ lọ wá ilé. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ó rò pé aṣọ ìjọba yóò fi í hàn bí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ dájú. Kò mọ̀ pé bí àwọn ará Ajara, àdúgbò kan ní Àgbádárìgì, bá ti rí kákí ní ìkòríta, ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń tì. Onílé àkọ́kọ́ ní ẹlòmíràn ti sanwó. Èkejì ní àbúrò òun ń bọ̀ láti Kútọnu. Ẹ̀kẹta ní òun kì í gba ọkùnrin tí aya rẹ̀ kò sí nítòsí. Ìyá kan tí ó ń yan ẹja nìkan ni ó sọ òtítọ́.

“Wolé-wolé!” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tí ẹ bu owó ìtanràn lé mi lórí nítorí gọ́tà? Kí n wá gbé yín sílé, kí ẹ máa yọjú wo ìdí ìkòkò mi láràárọ̀?”

“Èmi kọ́, mà. Àlejò ni mí.”

“Kákí kan náà ni, ọmọ mi.”

Níbi tí wọn kò sì ti sá fún kákí, ajẹ́ńtì a ka owó ilé ọdún méjì, owó lọ́yà, owó tirẹ̀, àti owó ohun tí ayálégbé lè bà jẹ́ sí i létí. Túnmiṣe a dúpẹ́, a jáde. Orí bẹ́ńṣì nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni ó ń sùn.

Àdúgbò Imeke ni ó ti bá Bàbá Obadiah Sẹ̀tọ́njí pàdé, Ẹ̀gùn àgbàlagbà kan tí ó ní ilé oníyàrá púpọ̀ tí ó fi ń gba ayálégbé. Bàbá rí kákí, ojú rẹ̀ tàn.

“Mì kuabọ! Ẹ káàbọ̀! Irú yín gan-an ni mò ń wá.”

Kò béèrè onígbọ̀wọ́. Owó oṣù mẹ́ta péré ni ó gbà, owó náà sì kéré ju ti gbogbo àdúgbò lọ. Túnmiṣe pe Àdùní lójú ẹsẹ̀. Àdùní sunkún ayọ̀, ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta òun ń bọ̀.

Ìgbà tí ó lọ pọnmi ìwẹ̀ ni ó rí i. Ẹni tí ó bá dúró létí kànga lè na ọwọ́ kan ògiri ṣáláńgá. Iyanrìn sì ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí ó bá wọ inú ọ̀kan, inú èkejì ni ó ń jò sí. Hidayah, obìnrin yàrá kejì, ń fa omi lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ tí ó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru sì rọ̀ jọwọrọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé omi yìí lẹ̀ ń mu?”

“Bùọ̀dá, èwo la ò bá mu? Ṣé ẹ fẹ́ máa rà á fún wa ni?”

Ó tọ Bàbá lọ. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, a gbọ́dọ̀ ti kànga yìí pa.”

Bàbá wò ó tàánú-tàánú. “Kí lẹ rò pé mo torí ẹ̀ dín owó ilé kù fún yín? Ojú tí ẹ ó fi fo kànga yẹn bí ẹni tí kò rí i ni mo rà. Tó bá wù yín, ẹ kun ọ̀dà pupa tí wolé-wolé fi ń ti kànga pa sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kun ọ̀dà sílé mi kò ní sùn nínú ẹ̀.”

Túnmiṣe padà sí yàrá rẹ̀. Ó rò ó: Àdùní lè máa se omi, wọ́n lè máa ra omi inú ọ̀rá, òun sì lè wá ilé mìíràn tí ó bá yá. Èrò wọ̀nyí mú un dé ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kan ọmọ Hidayah.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó rí Hidayah tí ó ń sáré lọ bá ọlọ́kadà, orí ọmọ ń yí sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn rẹ̀ bí orí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Túnmiṣe wọ kákí, ó gbé ọ̀dà ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó kun àmì ńlá pupa sí ara kànga, ó sì fi pákó bo ẹnu rẹ̀.

“Níbo ni ká ti pọnmi báyìí, ọ̀gá ìjọba?” ni àwọn ayálégbé ń kígbe mọ́ ọn. Bàbá Sẹ̀tọ́njí kò bínú rárá. Ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ Túnmiṣe.

Túnmiṣe kò tíì gbé àpò rẹ̀ dé ojú títì tí ó fi gbọ́ ìró pákó ẹnu kànga tí wọ́n wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti garawa tí ó já lu omi.

Fóònù rẹ̀ dún.

“Bàbá Ọlọ́ládé, a ti wọ Àgbádárìgì! A ti kó gbogbo ẹrù sínú kẹ̀kẹ́, àní títí dé ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ. Oníkẹ̀kẹ́ ń béèrè ibi tí òun ó já wa sí. Kí ni kí n sọ fún un?”

Túnmiṣe wo ọ̀dà pupa tí ó wà ní ọwọ́ kákí rẹ̀.

“Ẹ̀ ń gbọ́ mi bí? Ilé wo ni kí n sọ?”