Kànga Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ má bínú. Mo lè pè é ní ẹ̀gbin, àmọ́ ẹ lè rò pé ilẹ̀ tí a kò gbá ni mo ń wí. Ìgbẹ́ ni. Ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí wọ́n fẹ́ dà sí ẹ̀bá kànga tí mo ti ń pọn omi fún ọmọ mi mu.

Òkìtìpupa ni a ń gbé, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Wàrí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi àti ọmọbìnrin mi, tí kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, la wà nílé. Púpurú ni mo ń ṣe tà, omi kànga yẹn ni mo fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Òun náà ni a fi ń wẹ̀, òun náà ni mò ń sè fún ọmọ.

Aládùúgbò wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé oníyàrá méjìlá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo bá a yọ̀. Mo tiẹ̀ ń bu omi fún àwọn bíríkìlà rẹ̀. Àfi bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kan tí mo rí ihò ńlá ní ẹ̀bá ààlà, tí kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ sí ẹnu kànga mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ihò kí lèyí?"

"Sókàwéè ni, ìyàwó wa."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní ìwé àṣẹ. Ìjọba ló fọwọ́ sí i. Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ ìjọba níṣẹ́?"

N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bí mo bá gbé ife sẹ́nu, ihò yẹn ni mò ń rí.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún mi pé ariwo kì í dí ihò, pé kí n lọ bá ọkùnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí ti ìjọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí o bá fẹ́ kọ́lé, á bá ọ ya àwòrán ilé, á bá ọ gba ìwé àṣẹ. Bí ẹlòmíì bá fẹ́ kọ́ èyí tó máa pa ọ́ lára, á bá ọ kọ ìwé àtakò. Bí ìjọba bá sì ní rárá, á bá ọ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Iṣẹ́ tó dára ni. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ, n kò mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà.

Ó fún mi ní àga, ó tan fáànù sí wa. Ó bi mí ní ìbéèrè tó nítumọ̀: ta ló gbẹ́ kànga, ṣé ó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ṣé a ń mu ún. Nígbà tó ka ìwé tó kọ sí mi létí, omi lé sí mi lójú. Ó ní ìlera ọmọ kékeré wà nínú ewu. Mo ní hẹn, ẹni tó mọ ohun tó ń dùn mí rèé.

Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti na ọwọ́ sí orí tábìlì, ó fa ìwé ńlá kan wálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n bá wọn ká a. Mo rí ilé oníyàrá méjìlá. Mo rí sókàwéè, róbótó. Mo rí ilé tiwa. Níbi tí kànga wà, lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi kọ ọ́ pé ibi ìsá-nǹkan ni. Sítáǹpù ọ̀gá tó ń bá mi kọ ìwé wà nísàlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ya èyí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, iṣẹ́ wa ni."

"Kànga mi ńkọ́?"

Ó wò ó. "Bàbá ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí fóònù mi. Páànù ni mo rí níbẹ̀, ẹ sì sá nǹkan lé e."

Òótọ́ ni. Páànù ni mo fi ń bo kànga kí ọmọ má baà kó sí i, orí rẹ̀ ni mo sì ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ tí mò ń tà fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́.

"Ẹ ò wá wò ó ni?"

"Màdámù, bí mo bá ń lọ wo gbogbo ilẹ̀ tí mò ń yà, ìgbà wo ni mo máa jókòó yà á?"

"Ẹ wá ń bá mi tako iṣẹ́ ọwọ́ yín."

"Kí ló burú níbẹ̀? Bí ẹ bá borí, bàbá á padà wá bá mi fún kò-tẹ́-mi-lọ́rùn." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà há sí i léyín.

Ìríra tó mú mi ju ti ihò lọ. Ihò kò mọ ohun tó ń ṣe. Mo fẹ́ fa ìwé àtakò náà ya, àmọ́ n kò mọ ẹlòmíì tó lè kọ ọ́. Mo gbé e bí a ṣe ń gbé ìledìí tó ti kún: ọwọ́ kan, ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sọdá títì, mo fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba.

Nígbà tó yá, wọ́n rán obìnrin kan wá wo ilẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀, ọ̀gá náà sì dúró láàárín wa.

"Ta lẹ̀yin wà fún, sà?" obìnrin náà bi í.

"Oníbàárà mi làwọn méjèèjì."

Bàbá ní, "Kò sí kànga níbẹ̀. Ẹ wo inú ìwé."

Mo kó èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò, mo ṣí páànù, mo fa omi. Bàbá yí ohùn padà: "Ṣebí aṣọ ni wọ́n fi ń fọ̀. Ta ló ń mu ún?"

Mo bu ife kan, mo mu ún. Ọmọ mi sunkún fún tirẹ̀, mo fún un ní ìyókù. Nílé wa, àlejò kì í dé kí a má fún un lómi. Mo bu òmíràn, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún ọ̀gá.

Ihò yẹn kò tíì rí ìgbẹ́ kankan o. Omi òjò ló wà nínú rẹ̀, ọ̀gá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ihò, ó wo ife.

"Ẹ ṣé, màdámù. Mo ti mu omi kí n tó kúrò nílé."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó pa fáìlì dé. "Bàbá, ẹ dí i. Apá kejì ilé ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí." Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró.

Wọ́n ti dí i báyìí, ṣùgbọ́n bàbá ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tó bá a kọ ọ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó pàdé mi lọ́jà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Oníbàárà mi, ṣé kí n bá yín fèsì?" Mo ní ó ti tó. Mo ti jókòó kọ ọ́ fúnra mi, ìwé ojú méjì, mo lẹ fọ́tò kànga mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Mo ṣì ń fi páànù bò ó nítorí ọmọ. Ṣùgbọ́n orí àpò ni mo ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ sí báyìí, lápá ibi tó jìnnà sí i.