Ẹni Tó Di Okùn Mú

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ṣójà ti padà sí bárékè, àmọ́ ọwọ́ ṣójà ò tíì kúrò lára wa. Nílé iṣẹ́ oníke tí mo ti ń ṣe lébìrà n'Íkẹjà, ìgbátí ni fọ́ọ̀mánù fi ń kí wa káàárọ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ágége máa ń kó àwa ọ̀dọ́kùnrin lọ pàgọ́ sínú igbó lẹ́yìn Ìfàkò nígbà Àjíǹde, ká lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣáájú èèyàn. À ń rìn nínú ẹrẹ̀, à ń dáná lábẹ́ òjò, à ń fi okùn sọdá odò. Ọ̀gá àgọ́, ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì, ní òfin kan: olórí ló ń jẹ ẹgba ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni yòówù kó pẹ́, ẹ̀yìn olórí ni kòbókò ń bà. Olórí tó bá sì kó èèyàn rẹ̀ sọdá láìku ẹnì kan ni wọ́n máa fi ṣe igbákejì ọ̀gá.

Mo fẹ́ ipò yẹn bí ẹni tébi ń pa. Èmi tí gbogbo ayé ń gbá létí, mo fẹ́ kí èèyàn dìde tí mo bá wọlé.

Lọ́dún kan, wọ́n fi mí ṣe olórí ikọ̀ kan. Ká tó dé odò, mo ti jẹ ẹgba nítorí ọmọ Èkìtì kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹ̀yìn mi ń ta bí ẹni fi ata pa á. Òjò ti mú odò kún. Wọ́n so okùn mọ́ igi lódìkejì, èmi olórí di orí tọ̀dọ̀ wa mú. Àwọn yòókù sọdá. Ó ku ọmọ Èkìtì náà.

"Bọ́ sómi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀wẹ̀."

"Ta ló ní kó o wẹ̀? Okùn ni kó o dì mú, ọ̀lẹ!"

Mo gbá a létí. Kò mira. Ọ̀gá fọn fèrè lódìkejì. Mo fi ẹsẹ̀ ta á nídìí.

Orí rẹ̀ kan òkúta. Mo gbọ́ ọ, ó dún kọ̀, bí ìgbà tí wọ́n fọ́ àgbọn. Omi pọ́n yí i ká. Nígbà tá a fà á jáde, eyín iwájú rẹ̀ kan ti lọ.

"Ta ló tì ọ́?" ọ̀gá bi í.

Ó wò mí. "Mo yọ̀ ni, sà."

Ọ̀gá wo èmi náà, ó yíjú sáwọn yòókù. "Ẹ yan olórí mìíràn. Ẹ dúró sẹ́yìn ẹni tẹ́ ẹ bá lè tẹ̀ lé."

Gbogbo wọn lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Mi ò tiẹ̀ lè wẹ̀."

"Dákẹ́ jàre," ẹnì kan dá a lóhùn. "Ìwọ ò kúkú ní fẹsẹ̀ ta wá."

Lọ́jọ́ kejì, a ń padà sọdá. Olórí tuntun we aṣọ mọ́rí. Ó ní, "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Ẹ̀gbọ́n ló lágbára jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n di okùn mú fún wa."

Mo dì í mú. Kò sẹ́ni tó bọ́ sómi.

"Òun kẹ̀? Kó wá fi wá ṣe bọ́ọ̀lù?" ẹnì kan nínú wọn bi í.

Olórí tuntun bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Ọ̀gá na kòbókò sókè, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́yìn olórí tuntun náà. Ó tún gbé e sókè. Ọmọ náà ń wá èémí, kò sọ pé kí n fi okùn sílẹ̀.

Èmi ni mo fi okùn náà sílẹ̀. Ẹlòmíràn gbà á, wọ́n sì bọ́ sómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.