Yẹ̀rì Olómi Ṣúgà

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Èmi lẹ́ran láyà, mo tún lẹ́ran lẹ́rẹ̀kẹ́, síbẹ̀ kò sí òjòwú tó tó mi ní gbogbo Kétu lọ́dún tí ijó róòkì kọ́kọ́ dé etí wa. Ẹni tí mo ń jowú rẹ̀ kò sì jìnnà. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ Ìkòsì. A jọ kọ́ kéwú lọ́dọ̀ aáfà kan náà, a jọ ń pọnmi, a jọ ń wọ bàtà ara wa. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn rẹwà ni, kò sì mọ̀ pé òun rẹwà, èyí ló tún wá ń bí mi nínú jù.

Oko ló yí Kétu ká nígbà náà. Bí o bá ti kúrò létí títì tí bọ́lẹ̀kájà ń gbà lọ sí Ìkòròdú, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lo máa rí. Etí títì yẹn ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ wà. Obìnrin tó ni ín, Ọ̀gá la máa ń pè é. Ó ń ránṣọ fún àwọn obìnrin olówó láti Yábà, kì í sì í rẹ́rìn-ín bí abẹ́rẹ́ bá wà lẹ́nu rẹ̀, abẹ́rẹ́ kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n gba fíríìdọ̀mù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Yábà. Ó máa ń gbé ṣòkòtò wá kí a bá a mú ẹnu rẹ̀ wọlé, nítorí pé àwọn tó rí tí wọ́n ń jó róòkì nínú sinimá, ṣòkòtò wọn lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wọn pinpin. Èmi ni mo máa ń bá a ṣe é. Láàárín oṣù kan, ó ti gbé ṣòkòtò mẹ́ta wá. Mo wá sọ fún ara mi pé èmi ló ń wá wò, ṣòkòtò wulẹ̀ jẹ́ àwáwí ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtíkè kunjú lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Nígbà tó gbé ìkẹrin dé, ó fara ti tábìlì tí mo ti ń ránṣọ.

"Ẹgbẹ́ olórin kan ń bọ̀ wá ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Yábà lọ́jọ́ Sátidé," ó ní. "Wọ́n ti kọ́ róòkì. Wọ́n ní gìtá oníná. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin."

Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì lófo. "Mẹ́rin kẹ̀?"

"Èmi, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ìwọ..." Ó wá wolẹ̀. "Jọ̀ọ́, bá mi mú ọ̀rẹ́ rẹ ará Ìkòsì yẹn dání. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá jó. Ojú ló ń tì mí."

Mo ní kò burú. Mo tẹjú mọ́ ẹnu ṣòkòtò rẹ̀, mo sì rán an títí ó fi fún ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi fò sókè nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní èmi ni mo máa rán aṣọ òun, síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ dáadáa, tó ń yí ká bí èèyàn bá ti ń yí. Síkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ò lè dúró láìsí yẹ̀rì líle lábẹ́ rẹ̀, yẹ̀rì tí a ṣẹ́po lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, tí ó le gbagidi. Ọ̀gá gbọ́, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ìwọ nìkan ni kó o ṣe é," ó ní. "Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ní Yábà máa wà níbi eré yẹn. Bí wọ́n bá yìn ín, o ti gba fíríìdọ̀mù nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, wàá tún lo ọdún kan sí i."

Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó dì mọ́ mi, ó ní òun máa gbé aṣọ náà rìn bí ẹni gbé ẹyin.

Àárín òjò ni. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kì í dúró lára aṣọ lákòókò òjò, ó máa ń rọ̀ wẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ti pẹ́. Ọ̀nà tí Ọ̀gá kọ́ wa fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni omi ṣúgà. A ó se ṣúgà lórí iná títí yóò fi ki, a ó rẹ yẹ̀rì sí i, a ó sì nà án sórí apẹ̀rẹ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ. Yóò le bí páálí. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ̀: yẹ̀rì olómi ṣúgà kì í sùn nílẹ̀. Orí okùn tí a fi karosíìnì pa ló ń wà, títí di ìṣẹ́jú tí wọ́n máa wọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe aránṣọ. Kò mọ̀.

A parọ́ nílé pé àǹtí rẹ̀ tó wà ní Ṣómólú ò gbádùn, pé a fẹ́ lọ tọ́jú wọn. Ara Àǹtí le koko. Àwọn gan-an ló jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìdí ṣíbí gbígbóná na irun. Èmi ni mo gbé ẹrù aṣọ láti Kétu, mo sì gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri yàrá nígbà tí a dé. Mo búra, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀. Ó rẹ̀ mí ni. Àmọ́ nígbà tí a jí lójú oorun ọ̀sán, mo rí i. Tanpẹ́pẹ́ ti tò láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n gba ìdí ògiri, wọ́n sì ń wọnú ẹrù náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀rẹ́ mi wà níwájú dígí Àǹtí, ó ń kọ orin kan tí kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rò pé ó máa fẹ́ràn mi?"

Ká ní kò bi mí ni, bóyá ǹ bá ti kìlọ̀ fún un. Mo ní, "Ó máa fẹ́ràn rẹ." Mo gbọn yẹ̀rì náà lẹ́ẹ̀kan péré, gbígbọn ẹ̀tàn, mo sì bá a so ó mọ́ ìbàdí. Àwọn tó wà lókè já bọ́. Àwọn tó wà láàárín ìṣẹ́po, mo fi wọ́n sílẹ̀. Owú ò jẹ́ kí n rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo ń bà jẹ́.

"Nǹkan kan ń rìn lápá mi," ó ní.

"Eèrà lásán ni," mo ní, mo sì gbá a dànù.

Àgbàlá ńlá ni wọ́n ti ṣeré náà, wọ́n so gílóòbù aláwọ̀ pupa àti ewé yí i ká. Ọ̀rẹ́ tí ọkùnrin náà mú wá láti ibi iṣẹ́ ló bá mi dúró, ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ìgbà tí a wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja. Mo ń mu mínírà, mo ń wo àwọn méjì yòókù. Orin jẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń lọ, àwọn tanpẹ́pẹ́ sì jẹun wọn ní ìrọ̀rùn. Ọ̀rẹ́ mi ń yí, síkẹ́ẹ̀tì ń fẹ̀ bí agbòòrùn, ọkùnrin náà sì ń wò ó bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò tíì wọ síkẹ́ẹ̀tì rí láyé. Mo ń gbàdúrà pé kí eèrà tètè ṣiṣẹ́. Àdúrà yẹn ni mo gbà.

Ìgbà tí olórí ẹgbẹ́ olórin kígbe pé "Róòkì!" tí gìtá oníná han gooro, ni ọ̀rẹ́ mi fò sókè. Ó ju ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ju tòsì. Ó gbọn ìdí, ó yí bírí, ó tún fò. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo dúró kí n rí bó ṣe máa sá, kí gbogbo àgbàlá fi ṣe ẹlẹ́yà.

Àmọ́ àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́.

"Ẹ wo ẹsẹ̀! Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí!"

Àwọn tó ń jó yẹra, wọ́n fi agbo sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin tiwa ò lè bá a jó mọ́, ó dúró, ó ń pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn tó kù. Olórí ẹgbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fèrè rẹ̀, ó ń fọn ọ́n sí i lẹ́sẹ̀, bó ṣe ń fọn ọ́n ni òun náà ń fò. Sinimá tí mo ti wò ò ní irú ijó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó tẹ́, mo wá fọwọ́ ara mi sọ ọ́ di ọba agbo. Owú náà gun mí débi pé mo gbé ìgò mínírà sílẹ̀ kí n má bàa fọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kan péré ló kọjú sí mi. Omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé òógùn ni.

Nígbà tí orin dá, obìnrin kan tó wọ ẹ̀gbà wúrà, tí mo mọ̀ sí kọ́sítọ́mà Ọ̀gá, fà á lọ́wọ́. "Ọmọ dáadáa, ta ló rán aṣọ yìí fún ọ?"

Ọ̀rẹ́ mi ń mí hẹlẹ. Ó nawọ́ sí mi. "Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, mà. Òun ló rán an."

A padà sí Ṣómólú. Àǹtí ti sùn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ti ilẹ̀kùn, ó sì tú yẹ̀rì náà, ó gbé e síta lójú fèrèsé. Mo gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Láti ìbàdí dé orúnkún rẹ̀, ara rẹ̀ ti wú, ó pọ́n bí ata.

"Bá mi fi àdín pa á," ó ní. "Ìwọ nìkan ni mo lè fi hàn."

Mo ń pa á. "Kí ló dé tó ò sá kúrò níbẹ̀?"

"Kí n sá lọ síbo? Kí n máa gbọn eèrà dànù lójú àwọn kọ́sítọ́mà Ọ̀gá yín? Wọn ò ní sọ pé ẹni tó rán an ò mọṣẹ́?" Ó fa ẹsẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi kan ojú ibi tó dùn ún. "Ọdún mẹ́ta lo lò níbẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ jíjó ni, n ó jó o."

Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Àmọ́ àdín ni mo tún bù sọ́wọ́. Mo ní, "Má bínú." Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni eèrà ni?" Ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó sùn lọ.

Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Kò tọ̀ mí. Fíríìdọ̀mù ni mo gbà lóṣù yẹn, àwọn obìnrin Yábà sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ irú yẹ̀rì yẹn. Ọkùnrin ilé ìtẹ̀wé fẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, mo sì fi karosíìnì pa okùn yẹ̀rì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má rò pé owú mi tán níbẹ̀ o. Mo ti gbọ́kàn kúrò lára ọkùnrin náà tipẹ́, ẹwà ọ̀rẹ́ mi ò sì dùn mí mọ́, torí àwa méjèèjì ti darúgbó. Ohun tó ń dùn mí ni pé ká ní èmi ni mo wọ yẹ̀rì yẹn, mo mọ̀ pé ǹ bá sá kúrò níbẹ̀.

Bí orin àtijọ́ bá dún níbi tí a jọ wà, ó ṣì máa ń rọra fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé o rántí àwọn tanpẹ́pẹ́ yẹn? Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìwọ lo wà lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ náà."

Mo máa ń ní mo rántí.