Iná Ẹ̀yìnkùlé Fàósátù

Fàósátù ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìbínú pamọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ní Òkè-Àfà, opó tí ọkọ fi ilé kékeré sílẹ̀ fún òun àti Roqeebah ọmọ rẹ̀ létí kánáàlì. Nígbà tí àwọn lándílọ́ọ̀dù ri òpó iná hálójìn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nítorí olè, ara mítà rẹ̀ ni wọ́n ti fa wáyà. Òun náà gbà. Kò mọ̀ pé ìjàngbọ̀n lòun gbà.

Ọyẹ́ dé, àwọn ẹyẹ tó máa ń ti òkè òkun fò wá lóru bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lábẹ́ òpó náà. Iná á fọ́ wọn lójú, wọ́n á ṣìnà, wọ́n á máa yí i po títí wọ́n á fi forí sọ ògiri. Ẹyẹ tó la aṣálẹ̀ kọjá, ẹ̀yìnkùlé òun ló wá ń kú sí! Láràárọ̀ ni Fàósátù ń ṣa òkú wọn, tó ń fi apẹ̀rẹ̀ bo àwọn tó ṣì ń mí kí ológbò má baà jẹ wọ́n. Lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹyọ kan kì í já bọ́.

Kí ni àwọn aládùúgbò wí? Wọ́n ní àjẹ́ làwọn ẹyẹ náà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí apẹ̀rẹ̀, wọ́n da kẹrosíìnì sórí àwọn ẹyẹ ààyè, wọ́n dáná sun wọ́n, wọ́n ń kọrin ìṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ṣèpàdé lábẹ́ òpó náà. Ọláyanjú, alága wọn, ní kí wọ́n fi hálójìn mìíràn kún un, kí àjẹ́ má ríbi sá sí.

Fàósátù fò dìde. "Alága, ẹ ò mú èsunsun rí lọ́mọdé ni? Tẹ́ ẹ bá gbé àtùpà síwájú abọ́ omi, ṣé wọn kì í já sínú ẹ̀? Ṣé àjẹ́ nìyẹn náà?"

"Ìyá Roqeebah, ẹ ṣe sùúrù. Kí àwọn èèyàn má baà máa sọ pé ẹgbẹ́ kan náà ni yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dọ́kàn. Ó wọlé, ó pa súwíìṣì, ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ jáde, ó sì gé wáyà náà lójú gbogbo wọn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹyẹ kankan ò sí nílẹ̀. Ọláyanjú ń pàtẹ́wọ́ bọ̀.

"Ẹ ò rí i! Àdúrà wa ti gbà! Ìyá Roqeebah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká so wáyà yẹn padà, kí àwọn àjẹ́ má baà tún wá."

Fàósátù wọlé, ó gbé àpótí àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde, ó jókòó ti òpó náà.

"Ẹ wá so ó."