Ọ̀gánwó Tí A Gbé Lọ sí Gàmbàrí

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ tuntun, wọ́n sì ń la títì káàkiri Ìlọrin. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà. Tíṣà tó ń kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀ ní ká fi ilẹ̀ ẹ̀yìn kíláàsì ṣe ọgbà igi, kí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìgboro lè máa wá mọ igi lórúkọ. A gbin emi, irúgbá, òmọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, ọ̀gánwó àti tíìkì. Kálukú ló ni igi tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ àdúgbò Gàmbàrí, mú ọ̀gánwó. Òun náà ló máa ń kó àwọn ọmọdé yí ọgbà ká, tí á ní kí wọ́n fọwọ́ pa èèpo igi, kí wọ́n gbóòórùn ewé.

Ìgbà ọlidé ni ibà dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Nígbà tá a wọlé padà, ọ̀gánwó rẹ̀ ti ga dé èjìká mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa bomi rin ín; mo kàn ń ṣe é ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, katakata dé. Títì tuntun yóò gba àárín ọgbà wa kọjá. Tíṣà bẹ awakọ̀ náà títí.

Awakọ̀ ní, "Tíṣà, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ kírun àìlà. Èyí tẹ́ ẹ bá rí wú kí n tó dé, tiyín ni."

A sáré gbẹ́lẹ̀. Àwọn kékeré rọrùn. Ti ọ̀rẹ́ mi ti ta gbòǹgbò jìn. Ibi tá a ti ń fà á ni olórí gbòǹgbò ti já. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Èmi àti ọmọ kíláàsì wa kan fi àpò ìdọ̀họ di ìdí rẹ̀, a gbé e dé agboolé ọ̀rẹ́ mi ní Gàmbàrí. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tọ́ka ibi tá a máa gbìn ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ fi rọ. Nígbà tí mo tún lọ kí i, igi ti gbẹ, ìyá ṣì ń da omi sí i.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n mú òmíràn wá."

Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.

"Mú un wá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ rẹ ló gbìn ín. Ọlọ́hun ti gba tèmi, mo sì ti gba kádàrá. Tìẹ ni kó o gbìn."

Dongoyárò ni mo mú lọ. Ó hù dáadáa. Títí tí ìyá náà fi ṣaláìsí, abẹ́ rẹ̀ ló máa ń tẹ́ ẹní sí fún mi. A máa ń sọ̀rọ̀ ọjà, ti òjò, ti orúnkún tó ń dùn ún. A kì í sábà dárúkọ ọmọ náà.