Àpótí Ẹnu Ọ̀nà Wa

Nígbà tí mo bí ọmọ mi obìnrin, kò tètè ké. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi títí di òní tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó lè jókòó, ó sì lè di ògiri mú rìn díẹ̀. Àti dìde lórí ìjókòó ni wàhálà.

Obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ní ọsibítù ní kí n yéé fà á lápá sókè. "Jẹ́ kó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi kọjá orúnkún, kó wá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀." Ojoojúmọ́ là ń ṣe é, ṣùgbọ́n inú yàrá ni, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì. Èrò pọ̀ nínú ilé tí a ń gbé ní Gadumo, ní Lọ́kọ́ja. Ẹnu mi máa ń wúwo láàárín èèyàn, ìwé díẹ̀ tí mo kà kò sì tú u. Bí a bá jáde, mo máa ń yára gbé e kí ẹnikẹ́ni tó rí bó ṣe ń gbìyànjú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wa, mo ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkùnrin tó ń gbé yàrá òdìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kàbà.

"Ọ̀kún o," màmá kí wa.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọmọ mi kí wọn láti orí àpótí.

Màmá dúró. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní Lọ́kọ́ja nìyí? Àgbà dúró, ọmọdé jókòó gẹlẹtẹ bí ọba?"

Àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n kàn sọ pé, "Ẹ má bínú, màmá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni." Kò jáde. Mo na ọwọ́ sí abíyá ọmọ náà kí n gbé e.

"Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó tẹ̀ síwájú. Ó gbé ìdí, ó tún jókòó gbì. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo tẹjú mọ́ ìrẹsì, mi ò rí òkúta kankan mọ́. Ó tún gbé ìdí. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń kán sí àyà rẹ̀. Ó dìde. Ló bá tún ń tẹ orúnkún láti kúnlẹ̀ fún àgbà, bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Má kúnlẹ̀!"

Mo pariwo débi pé adìẹ fò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí nínú ilé yẹn.

Màmá wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n wo ojú mi. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"



"Màmá, ẹ jókòó," ọmọ mi wí, ó ti di ilẹ̀kùn mú. Ó ti fi àpótí sílẹ̀ fún wọn, àfi kí wọ́n gbà á. Màmá jókòó, bóyá ojú ń ti àwọn náà. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, àpótí náà kúrú jù fún wọn. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n padà jókòó gbì.

"Ẹ fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn," ọmọ mi sọ. "Ẹ gbé imú síwájú. Síwájú sí i!"

Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlẹ̀. Ọmọdé ń pàṣẹ fún àgbà! Ṣùgbọ́n màmá gbé imú síwájú, wọ́n sì dìde. Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, màmá ló rẹ́rìn-ín jù.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn bí ìṣe mi, mo gbé àpótí sí àárín yàrá. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀kún o. Tíṣà mi dà? Gbé àpótí yẹn bọ̀ níta, ooru mú."

Mo dúró, ọwọ́ mi wà lórí kọ́kọ́rọ́. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi, ojú ń tì mí bí ẹni pé mo wà ní ìhòòhò. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ọmọ mi ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó ń dúró dè mí.

Mo ṣí ilẹ̀kùn.