Omi Wọ́ọ́rọ́ fún Kòlórùlé

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ààlọ́ mi gbéra ní Adégbayì, ó ń rú èéfín, ó ń wúkọ́ bí arúgbó inú ọyẹ́, ó lọ dúró lórí Lìádì Ìyàndá tó ń tún ẹ́ńjìnnì mọ́tò ṣe.

Lìádì yìí, ọmọ àgbẹ̀ ni ní Erúnmu. Iṣu ni bàbá rẹ̀ ń gbìn, iṣu náà ni wọ́n fẹ́ kí òun náà gbìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kan wá kó ọjà lóko wọn ni ọkàn rẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ. Ó di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ni ọkọ̀ náà gbóná lójú ọ̀nà Ifẹ̀, tí òun sì fi ìkánjú bu omi odò tútù dà sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Irin dún pàù, ó là. Ọ̀gá rẹ̀ ò lù ú. Ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó káwọ́ lérí títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni Lìádì ti ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì tó gbóná dà bí ọmọ tí ibà ń ṣe, omi wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n fi rọ̀ ọ́.

Nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, a ti gba òmìnira bí ọdún méjì. Ewú ti gba orí Lìádì. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní oríta Adégbayì, lábẹ́ igi ìyeyè kan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sórí mọ́tò, ó di kó fọwọ́ ti orúnkún kó tó lè nàró. Mọ́tò kan ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìrora ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ eré ni, ó kéré, ó balẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, àyè ẹni méjì péré ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní òrùlé. Òyìnbó kan ló gbé e wá kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, ó fi í sílẹ̀ fún Olúmúyìwá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba n'Íbàdàn. Àwọn ará Erúnmu sọ mọ́tò náà ní Kòlórùlé.

Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń ṣe eré kan. Ẹni tó yára jù kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni wọn yóò ta ẹ́ńjìnnì jí, wọn yóò máa sáré láti Adégbayì dé Erúnmu, wọn yóò máa padà, àlọ àti àbọ̀, títí oòrùn yóò fi wọ̀. Wọ́n lè bu omi sí i, wọ́n lè bu ọ́ìlì sí i, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ dákẹ́. Mọ́tò tí tirẹ̀ bá ti dákẹ́, ó ti jáde nínú eré.

Lọ́dún náà, Olúmúyìwá wá bá Lìádì ní ìsọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Lìádì, mo ti rò ó. Bí Kòlórùlé bá gbé e dé ìrọ̀lẹ́, ẹ óò máa bá mi tọ́jú rẹ̀ lọ. Bó bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, eré sísá tán fún un. Ẹ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí Erúnmu. Ẹ̀yin lẹ ní àwọn ìyá ilé yín ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa bá wọn rin gbágùúdá."

"Mo wí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá."

"Ẹ má wá torí ìyẹn pa á o." Olúmúyìwá ń rẹ́rìn-ín.

Lìádì ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Hàjàrá, ìyàwó rẹ̀, ló ń rò. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ni àwọn obìnrin agbo ilé wọn fi ń rin gbágùúdá fún gààrí. Bí gbágùúdá bá ti ń tán lọ lọ́wọ́, ìka ni páànù ń bọ́ sí. Kò sí ọjọ́ tí Hàjàrá kì í fi àkísà di ìka kan tàbí òmíràn.

Nígbà tó délé tó ròyìn, inú àwọn obìnrin dùn. Àrínọlá tó jẹ́ ìyáálé ilé gbé ọwọ́ àdúrà sókè.

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kó kú wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má jẹ̀rora."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí.

Hàjàrá ò ṣe àmín. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Sàníù? Kí lẹ̀ ń fẹ́ níbẹ̀?"

"Oorun," ni Lìádì wí, ó sì na ẹ̀yìn sórí ẹní.

Ọjọ́ eré pé. Olúmúyìwá wà nídìí ọkọ̀, Lìádì jókòó tì í, àpò sípánà wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀nà Erúnmu nígbà náà, ilẹ̀ pupa ni, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ kòtò. Ní ìyálẹ̀ta, ojú àwọn méjèèjì ti pupa bí ẹni tí wọ́n da osùn lé lórí. Ọkọ̀ tuntun kan dákẹ́ ní ìgẹ̀rẹ́ odò. Òmíràn já bẹ́líìtì. Kòlórùlé ń wúkọ́, ó ń lọ. Etí Lìádì ò kúrò lára ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá ti yí ohùn padà díẹ̀, àyà rẹ̀ a já, bó bá sì tún gbà, àárẹ̀ a kún àárẹ̀ tó wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, ìhó bẹ̀rẹ̀. Rediétọ̀, àpò omi tó wà níwájú ọkọ̀, ti ń jò nítorí gbígbọ̀n, omi inú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èéfín funfun ń sá jáde.

"Ṣé yóò dé Erúnmu?" ni Olúmúyìwá béèrè.

"Yóò dé Erúnmu."

"Ṣé yóò padà?"

Lìádì tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá wí pé kò ní padà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí yóò gbà á gbọ́, yóò pa á síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì parí. Kò sí irọ́ ńlá nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sinmi. Ìka Hàjàrá yóò sinmi.

Wọ́n dé Erúnmu. Àwọn obìnrin agbo ilé ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ojú wọn wà lára èéfín yẹn bí ojú ẹni tó ń retí àlejò. Hàjàrá dúró níwájú wọn, ó gbé ìkòkò omi dání.

"Ẹ wò ó," ni Àrínọlá wí, "láti àárọ̀ ló ti ń koná mọ́ omi fún orogún rẹ̀. Ìyá Sàníù, o ò kúkú tẹ́ ẹní fún un?"

"Bó bá sọ̀ kalẹ̀, màá tẹ́ ẹ," ni Hàjàrá dáhùn.

Lìádì ti ìka bọ omi náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

"O mọ ohun tí ò ń ṣe?"

"Mi ò mọ̀ bóyá yóò dé Adégbayì, Bàbá Sàníù. Ìyẹn ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n omi tútù ò ní ti ọwọ́ tèmi ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Lìádì wo àkísà tó wà ní ìka rẹ̀. Ó fi aṣọ tó nípọn ṣí ìdérí rediétọ̀, ó rọra ń da omi náà sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dà bí ẹni pé yóò dákẹ́. Àwọn obìnrin mú èémí dúró. Lìádì fi ọwọ́ kan fa okùn tó ń fún un ní epo, ó dì í mú bẹ́ẹ̀, kò tú u sílẹ̀, títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi padà bọ̀ sípò.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, ọ̀gá. Yóò padà."

Ìrun màgàríbì ni wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n dé oríta Adégbayì, ẹ́ńjìnnì ń ké. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Olúmúyìwá di Lìádì mọ́ra pẹ̀lú gbogbo eruku.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ó jìnnà, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ kírun ná."

Òun fúnra rẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì náà. Kò sí ohun tó ń ké mọ́, síbẹ̀ ó ń ké ní etí rẹ̀ títí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi gbé e dé Erúnmu.

Àwọn obìnrin wà nídìí iná, wọ́n ń rin gbágùúdá. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè. Wọ́n ti rí i lójú rẹ̀. Hàjàrá nìkan ló sọ̀rọ̀.

"Ó dé ibẹ̀?"

"Ó dé ibẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́." Ó gbé gbágùúdá mìíràn.

Lìádì bu omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa àpótí ìpèkù kan, ó jókòó lé e, ó na ọwọ́.

"Gbé páànù yẹn fún mi."

"Ọkùnrin kì í ṣe é nílé yìí."

"Gbé e fún mi, Hàjàrá."

Ó gbé e fún un. Lìádì bẹ̀rẹ̀ sí í rin gbágùúdá, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tẹ̀ sórí mọ́tò. Àrínọlá wò ó títí.

"Ìyá Sàníù," ni ó wí, "ẹ́ńjìnnì tí a ń retí dé o. Arúgbó ni wọ́n gbé fún wa."

Hàjàrá rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkigbà tí Lìádì bá ti wà nílé ní ìrọ̀lẹ́, òun ló máa ń rin èyí tó kù nílẹ̀. Kòlórùlé tún sáré fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá dé Erúnmu nígbẹ̀yìn, ẹlòmíràn ló gbé e wá, ìka Hàjàrá ti le nígbà náà.

Ó tó. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́ ni ẹnu tèmi náà ti dákẹ́. Ẹ dìde, ẹ jí èyí tó ti sùn sórí itan mi, kó rìn wọlé. Ẹ má fẹsẹ̀ gbá omi tí mo gbé sẹ́bàá iná o. Ẹ lọ sùn.